Abẹ̀bẹ̀ Ọ̀tún, Abẹ̀bẹ̀ Òsì

Ẹ má dá mi lẹ́bi kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́ mi tán. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó lè wo ojú bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, kí ó sì sọ fún un pé, "Sà, ohun tí ẹ ṣe yìí kò dára," kí olúwa rẹ̀ dìde kí n rí i. Èmi kò lè ṣe é. Lùkúmọ̀n ni orúkọ mi, oníṣẹ́ iná ni mí ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Òṣogbo, Òkè-Fíà ni èmi àti màmá mi ń gbé. Mo lè gun òpó iná, kí n fọwọ́ mú wáyà tí ẹlòmíràn ń sá fún. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé iwájú Tíṣà Ọlọ́rundáre ti Iléṣà, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n.

Tíṣà ni bàbá Ìléríolúwa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ káfíńtà kí ó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ìjókòó àwọn akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn ni ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ìlérí ti sọ pé èmi ni òun fẹ́. Màmá mi náà ti gbà, ó ní ṣé ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ náà ń lọ ni kò ní jẹ́ kí ó bímọ fún òun ni? Tíṣà nìkan ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ dọ̀bálẹ̀ ní ilé rẹ̀ láti tọrọ ọjọ́ tí àwọn ẹbí mi yóò wá. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, tí ó ní, "Mo gbọ́." Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi "mo gbọ́" ṣe? Ṣé òun ni wọ́n ń fi gbé ìyàwó ni?

"Dádì ní ẹnu ọmọ Òṣogbo dùn jù," Ìlérí ni ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀. "Wọ́n ní àwọn kò tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ rí? Láyé àtijọ́, ọkọ ìyàwó á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí oko bàbá ìyàwó, wọn á kọ ebè fún un láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀wẹ̀ àna ni wọ́n ń pè é. Tíṣà kò ní oko. Ṣọ́ọ̀bù ni ó ní, lórí òkè kan tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi, tí iná ìjọba kì í sì í pẹ́ níbẹ̀ ju ìgbà tí ènìyàn bá sín lọ. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo pinnu pé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń mú iná wá ni màá fi ṣe ọ̀wẹ̀ tèmi.

Mo ra mọ́tò kan ní Old Garage, èyí tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ ìfọṣọ tòkunbọ̀. Bí a bá ń yí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, iná ni yóò máa jáde lára rẹ̀. Ohun tó kù ni òpó irin gígùn, àti abẹ̀bẹ̀ onígi méjì tí afẹ́fẹ́ yóò máa tì kí mọ́tò lè máa yí.

Inú Tíṣà dùn nígbà tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n ó na ìka sí mi. "Mọ́tò ẹ ni kí o gbé wá. Igi kankan kò gbọdọ̀ ti ìta wọ ulé mi. Abẹ̀bẹ̀ méjèèjì, èmi ni màá gbẹ́ ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

Mo gé páálí kan ní ìwọ̀n abẹ̀bẹ̀ náà, mo fi bírò fa ìlà sí ibi tí igi yóò ti nípọn àti ibi tí yóò ti fẹ́lẹ́, mo sì fi hàn bí ara rẹ̀ yóò ṣe dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbé e fún un, mo ní, "Méjì irú èyí ni a nílò, sà." Ó gbà á, ó fi há abíyá. Èmi náà bá tèmi lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti Awwal ọ̀rẹ́ mi gbé òpó àti mọ́tò lọ sí Iléṣà. Tíṣà ti pe mẹ́ta nínú àwọn akọrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wòran, wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́. Ó mú mi wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí aṣọ kúrò lórí tábìlì bí ẹni tó ń ṣí ìbòjú ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: n kò rí igi tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Pákó afárá ni. Ó ti fi ìfági fá a, ó fi sáńpépà pa á títí ó fi jọ̀lọ̀, ó kùn ún ní fáníìṣì, etí rẹ̀ kan fẹ́lẹ́ bí ewé. Mo na ọwọ́ láti gbé ọ̀kan, ojú mi lọ sára èkejì, àyà mi já.

Ọ̀kan dagun sọ́tùn-ún. Èkejì dagun sósì.

"O rí i?" Tíṣà ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ti ọ̀tún nìkan lo fún mi. O gbàgbé pé káfíńtà ni mí. Mo yí páálí ẹ lẹ́yìn padà, mo fi fa ti òsì. Apá àga méjì kì í jọra, ńṣe ni ọ̀kan ń kọjú sí èkejì. Ta ni yóò kan àga, tí yóò wá fi apá ọ̀tún méjì sí i?"

Kò sí. Bó bá jẹ́ ti àga ni, òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í jókòó sórí àga. Bí ó bá fẹ́ lu abẹ̀bẹ̀ ti ọ̀tún, yóò tì í pé kí ẹ̀rọ yí sọ́tùn-ún. Bí ó bá fẹ́ lu ti òsì, yóò tì í pé kí ẹ̀rọ yí sósì. Àwọn méjèèjì á wá máa fa ara wọn láṣọ lókè níbẹ̀ bí orogún. Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: sà, ọ̀nà kan náà ni méjèèjì gbọ́dọ̀ dagun sí. Ìlérí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rí ojú mi, ó ti mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́. Àwọn akọrin ń yọjú. Tíṣà ń retí ìyìn.

"Ó dára gan-an, sà," ni mo wí. "Ọwọ́ yín kò ní rọ o."

Ìlérí pòṣé, ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

A fi bóòtù de abẹ̀bẹ̀ méjèèjì mọ́ mọ́tò, a gbé òpó náà dìde, a fi okùn onírin fà á mọ́lẹ̀ ní igun mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ dé. Ẹ̀rọ náà kọjú sí i bí ọmọlúwàbí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Abẹ̀bẹ̀ á lọ díẹ̀ síhìn-ín, á tún padà sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò yí.

"Afẹ́fẹ́ yìí kò tíì tó," Tíṣà ní.

Gbogbo wa bá jókòó de afẹ́fẹ́ tó tó. Láàárín wákàtí kan, afẹ́fẹ́ gbé ìró aládùúgbò kúrò lórí okùn tí wọ́n sá a sí, ó gbé fìlà akọrin kan sínú gọ́tà, ó pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé mọ́ Awwal. Ẹ̀rọ wa kò yí. Akọrin náà mú fìlà rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó ní, "Tíṣà, afẹ́fẹ́ wo lẹ ń retí gan-an? Ṣé ti ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀pà tú jáde lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ fà ro. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidigidi. Àsìkò tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ tún nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ní tirẹ̀ í sọ.

"Mọ́tò mi ni kò dára, sà. Ẹ forí jì mí. Màá gbé òmíràn wá."

Ní ọjọ́ kejì, Ìlérí pè mí lórí fóònù. Kò kí mi.

"Kí ló ṣe fáànù yẹn gan-an?"

Mo ṣàlàyé fún un.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún Dádì?"

"Ìwọ ni ọmọ wọn. Ìwọ sọ fún wọn."

"Èmi kọ́ ni mò ń wá ìyàwó," ó ní, ó pa fóònù.

Inú bí mi. Inú bí mi sí Ìlérí, inú bí mi sí Tíṣà, inú bí mi sí gbogbo àga tó ní apá láyé yìí. Mo jókòó sí pálọ̀ wa, mo di ojú kókó, ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Èṣù ló sọ ọ́ sí mi, àmọ́ nígbà yẹn mo rò pé Ọlọ́run ni. Bí Tíṣà bá gbẹ́ méjì mìíràn, ọ̀tún kan àti òsì kan náà ni yóò tún gbẹ́. Ọ̀tún á di méjì, òsì á di méjì. Màá fi ọ̀tún méjèèjì sí Iléṣà, màá kó òsì méjèèjì pamọ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀, kò sì sí àna tí a bá jiyàn.

Mo pe Tíṣà. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Màmá mi ni wọ́n rí fọ́tò abẹ̀bẹ̀ yín lórí fóònù mi, wọn kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín, kí ẹ jọ̀wọ́ gbẹ́ irú ẹ̀ fún àwọn náà."

Tíṣà bi mí: "Irú ẹ̀ gan-an?"

"Irú ẹ̀ gan-an, sà. Ọ̀tún àti òsì."

Ohùn rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. "Sọ fún wọn pé wọ́n ti rí i gbà."

Màmá mi, Àlàájà Ràṣídátù, jókòó tì mí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè. "Súbúhánálláhì! Èmi? Ìgbà wo ni mo ní mo fẹ́ abẹ̀bẹ̀?"

"Ẹ máà bínú, Màámi. Ẹ ti fẹ́ ẹ báyìí."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà sílẹ̀. "Ìjẹ̀ṣà kò rídìí ìṣáná, wọ́n ní ilé ni wọ́n ti ń múná roko. Ti ayé òde òní, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti fẹ́ mú un. Ó dára. Nígbà tí o ti fi orúkọ mi purọ́, ẹ̀yìn ilé mi ni o máa gbé e kọ́ sí. Wáláhì, o ò ní kó nǹkan mi pamọ́."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Tíṣà fi gbẹ́ ẹ tán. Ọjọ́rú ni mo lọ gbà á, nítorí mo mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń dán orin wò ní ìjọ wọn. Tíṣà gbé abẹ̀bẹ̀ tuntun méjèèjì lé mi lọ́wọ́, ó mú ìwé orin rẹ̀, ó ní kí a máa bá iṣẹ́ mọ́tò wa lọ. Bí ó ti fẹsẹ̀ kan jáde báyìí, èmi àti Awwal dá òpó náà dùbúlẹ̀. A yọ abẹ̀bẹ̀ òsì, a fi ọ̀tún kejì rọ́pò rẹ̀. Mọ́tò tí mo ní mo fẹ́ pààrọ̀, eruku ara rẹ̀ ni mo nù. A tún gbé òpó dìde, òógùn bò wá.

Nígbà tí Tíṣà fi máa dé, abẹ̀bẹ̀ náà ń yí tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, gílóòbù méjì sì ń tàn yòò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Uṣẹ́ ọwọ́ mi rèé!" ó pariwo. "Mọ́tò ni! Mo mọ̀ pé mọ́tò ni!"

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó jó yí òpó ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó pè mí ní ọmọ mi, orúkọ tí kò pè mí rí. Ó ní ní Sátidé, òun àti Ìlérí ń bọ̀ ní Òṣogbo láti wá wo abẹ̀bẹ̀ màmá mi, "kí a sì jọ sọ ọ̀rọ̀ yín yẹn."

Ọ̀rọ̀ wa yẹn! Mo kọrin láti Iléṣà dé Òṣogbo. Awwal ní bí n kò bá panu mọ́, òun á já mi sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kejì ni mo fi mọ́tò mìíràn tí mo rà gbé òsì méjèèjì kọ́ sí ẹ̀yìn ilé wa, sórí òpó kan tó ga ju òrùlé lọ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ wa kò tó ti Iléṣà, àmọ́ tó bá ti dé, ẹ̀rọ náà ń yí dáadáa, màmá mi sì ti ń fi í yangàn fún gbogbo àdúgbò. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo dúró níwájú ẹ̀rọ náà, mo ń jẹ àgbàdo sísun. Ni àgbàdo bá há mi lọ́fun. Ẹ̀rọ náà ń yí sósì. Ti Iléṣà, sọ́tùn-ún ni ó ń yí.

Kò sí bí kò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ṣe é ni n kò ronú débẹ̀. Ẹni tó ti fi ojú wọn igi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ṣé irú rẹ̀ ni kò ní rí i? Mo sáré wá okùn, mo gun àkàbà, mo so abẹ̀bẹ̀ náà mọ́ òpó.

Àwọn àlejò wa dé ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ pẹ̀lú iṣu ńlá mẹ́ta. Àwọn àgbà méjèèjì kí ara wọn, wọ́n kí ilé, wọ́n kí ọ̀nà. Àdúrà tí mò ń gbà ni pé kí wọ́n má dìde ní pálọ̀. Tíṣà kò tíì mu omi tán tó fi dìde.

"Ó yá, Màmá Lùkúmọ̀n, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ yín hàn mí."

"Mo so ó, sà," ni mo sáré wí bí a ti dé ẹ̀yìn ilé. "Afẹ́fẹ́ le jù lónìí, kí ó má baà bàjẹ́ ni."

Ewé kan kò mì nínú gbogbo àgbàlá. Màmá mi wò mí. Ó mọ gbogbo rẹ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ láti àná. Ẹni tó bí mi ni, ó yẹ kí ó gbè mí. "Ènìyàn kì í ti Iléṣà wá wo ohun tí a so lókùn," ó ní, ó di ìdí okùn tó rọ̀ wálẹ̀ mú, ó fà á. Kókó tí mo rò pé ó le tú pẹ́rẹ́.

Afẹ́fẹ́ Òṣogbo, tó máa ń ya ọ̀lẹ ní gbogbo ọjọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kò pẹ́ kó tó dé. Abẹ̀bẹ̀ náà yí.

Tíṣà gbójú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó na ìka, ó ń yí i bí abẹ̀bẹ̀ ṣe ń yí. Ó pa ojú dé, ó rántí ti ilé rẹ̀, ó yí ìka náà sí òdì kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Lùkúmọ̀n, kí ló dé tí tèmi ń lọ sọ́tùn-ún, tí tiyín ń lọ sósì?"

"Afẹ́fẹ́ Òṣogbo yàtọ̀ sí ti Iléṣà ni, sà."

Màmá mi fi ìbòrí bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Tún un sọ," Tíṣà ní. Kò pariwo.

Mo la ẹnu láti tún un sọ, ojú mi bá bọ́ sójú Ìlérí. Kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀ mí. Ojú tì mí, ó tì mí gan-an ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," Tíṣà ní. "Bí o bá dọ̀bálẹ̀ sọ òótọ́, ilẹ̀ lò ń sọ ọ́ fún. Dìde, kí o wo ojú mi."

Mo dìde. "Ẹ gbẹ́ ọ̀kan ní òdì, sà. Abẹ̀bẹ̀ kì í ṣe apá àga, ọ̀nà kan náà ni méjèèjì gbọ́dọ̀ dagun sí. Mọ́tò mi kò ṣe nǹkan kan. Mo ti rí i láti ọjọ́ tí ẹ ṣí aṣọ lórí ẹ̀, mi ò kàn lè sọ ni. Mo fi orúkọ màmá mi purọ́ kí ẹ lè gbẹ́ méjì sí i. Ìgbà tí ẹ lọ kọrin ni mo pààrọ̀ ẹ̀."

Ẹ̀rọ náà ń yí lókè wa.

"Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," Tíṣà ní. "O wà níbẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó jókòó sórí àpótí ìdáná màmá mi. "Bí mo bá kan àga tán, ìyá Ìlérí á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Á ní, 'Tíṣà, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan wọ́ o.' Màá jágbe mọ́ ọn, màá lé e jáde. Tó bá lọ tán, màá wọ̀n ọ́n, màá rí i pé ó wọ́ lóòótọ́. Ọdún keje rèé tó ti kú. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí mo bá ṣe ló ń dára. Àwọn ọmọ tí mo kọ́: ó dára, sà. Àwọn ará ìjọ: ó dára, Tíṣà. Ṣé mo ti wá di Ọlọ́run ni?"

Ìlérí lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Ìgbà tí o kọ́kọ́ wá sí ulé mi," Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ọyẹ́ ń fẹ́, mo ní òjò máa rọ̀ lọ́jọ́ náà. O ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìgbà kejì, mo ní Iléṣà tóbi ju Ìbàdàn lọ. O ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo wá ń rò ó pé, bí nǹkan búburú bá wọlé tọ ọmọ mi lọ́la, 'bẹ́ẹ̀ ni, sà' náà ni ọkọ ẹ̀ máa wí fún un. Kí ni mo fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju pé mo gbọ́ lọ?"

"Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá Ìlérí," màmá mi ní. "Bí ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù, á lá a, á ní ó dùn. Èmi ni ẹ̀jẹ̀ ríru máa wá pa."

Tíṣà fi àǹkáṣíìfù nu ojú. Ó tún fìlà rẹ̀ dé. "Ó dára. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó gbé wa wá. Mo ti rò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ kó di oṣù Kejìlá ọdún tó ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ti dé orí ahọ́n mi. Ó ti wọ bàtà, ó ti ṣílẹ̀kùn, ó kù díẹ̀ kó jáde. Màmá mi ń fi ojú sọ fún mi pé kí n gbà kíákíá kí bàbá náà tó yí ọ̀rọ̀ padà. Mo di eyín. Mo wo Tíṣà lójú.

"Rárá o, sà," ni mo wí. "Ó jìnnà jù. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dúró. Oṣù tó ń bọ̀ ni a fẹ́."

"Yéè!" màmá mi ké. Ìlérí di ẹnu mú. Tíṣà tẹjú mọ́ mi, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí n óò ṣe tún dọ̀bálẹ̀. Ni ikùn rẹ̀ bá kọ́kọ́ mì, èjìká rẹ̀ mì, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó wá ní kí màmá mi mú kàlẹ́ńdà wá.